Ọkọ̀ Tó Ń Fò Lójú Ọ̀nà: Ṣọ́ọ̀kì Ni àbí Afẹ́fẹ́ Táyà?

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ ní Àkúrẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba ìdáhùn mẹ́ta sórí ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé ọkọ̀ yín ń fò, ó ní ṣọ́ọ̀kì ti kú, ẹ lọ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá. Ẹ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ó ní afẹ́fẹ́ inú táyà ló pọ̀ jù. Aládùúgbò yín tó ti ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí yín bọ́ síta, ó ní rárá o, afẹ́fẹ́ ló kéré, táyà tó bá máa rin ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ yó. Ẹ wá dúró láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ń jáde, ọkọ̀ ò sì yéé fò.

Òótọ́ wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé "ọkọ̀ mi ń fò" kì í ṣe àìsàn kan, gẹ́gẹ́ bí "ara mi gbóná" kò ṣe jẹ́ àìsàn kan. Ibà lè fà á, egbò tó ń kẹ̀ lè fà á, oòrùn ọ̀sán nìkan náà lè fà á. Ẹni tó bá lọ ra oògùn ibà kó tó yẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, owó rẹ̀ ló ń ná dànù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí mò ń lò báyìí, a kì í ti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kí màmá mi tó jókòó sẹ́yìn má sọ pé ìbàdí ń ro òun. Gbogbo kòtò kékeré ló ń dún gbà lábẹ́ wa. Mẹkáníìkì kan tí mo gbẹ́kẹ̀ lé wò ó, ó ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti lọ. Ó pààrọ̀ wọn, mo sanwó. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún gba ọ̀nà Oǹdó, màmá mi tún na ọwọ́ di ohun ìdìmú òkè fèrèsé mú títí a fi délé. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó wa ọkọ̀ náà, mo fi géèjì kékeré kan tí mo rà, èyí tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́, sẹ́nu táyà. 46 ló kọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo ìwé kékeré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà lẹ̀ mọ́ ara òpó ilẹ̀kùn. 32 ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ látòkè délẹ̀ ni pé kí ẹ yẹ afẹ́fẹ́ wò kí ẹ tó ra ṣọ́ọ̀kì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n kí ìdí rẹ̀ tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀.

## Ṣé ó ń lù ni, ṣé ó ń fò ni, àbí ó ń gbọ̀n?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni a máa ń pò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ọkọ̀ tó ń lù ni èyí tó jẹ́ pé gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà lẹ máa mọ̀ ní ìdí yín. Ó bọ́ sí kòtò, ó dún gbà, ó sì tán síbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn jókòó sórí àpótí igi nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀rọ̀ táyà ni èyí sábà máa ń jẹ́: afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí kí rọ́bà táyà fúnra rẹ̀ ti gbó kó sì ti gan.

Ọkọ̀ tó ń fò kì í tán síbẹ̀. Ó gun bọ́ǹpù, ó balẹ̀, ó tún gbéra, ó tún balẹ̀, ó tún gbéra, bí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì ń gbé. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, imú rẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá yà ní kọ́nà, á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó padà wá sójú ìlà. Ṣọ́ọ̀kì nìyẹn.

Èyí tó ń gbọ̀n tún yàtọ̀. Ojú ọ̀nà dán, kò sí kòtò, ṣùgbọ́n bí eré ọkọ̀ bá ti dé nǹkan bí 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Bálánsìn táyà, ìyẹn kí ìwúwo rẹ̀ má dọ́gba yíká, ló sábà máa ń fa ìyẹn, tàbí rímù tó ti tẹ̀, tàbí táyà tó ti wú níbì kan. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta ṣọ́ọ̀kì fún yín nítorí rẹ̀ kó tó yẹ àwọn yẹn wò.

## Ta ló gbé ọkọ̀ dúró?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣọ́ọ̀kì ló gbé ọkọ̀. Òun kọ́. Ẹ wo obìnrin tó pọnmi bọ̀ láti odò, tó gbé ìkòkò rù. Òṣùká wà lábẹ́ ìkòkò. Bó ti ń gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun, orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà, omi ò dà. Iṣẹ́ òṣùká ni táyà ń ṣe: ó rọ̀, òun ló ń pa líle òkúta mọ́ra kó tó dé ara ohun tí a rù. Sípíríǹgì, irin tí wọ́n ká bí ejò yẹn, ni orúnkún. Òun ló ru ẹrù, òun ló ń tẹ̀, òun ló ń nà.

Kí wá ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì? Sípíríǹgì ní àléébù kan: kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ẹ ti ọmọ kan lórí jangírófà lẹ́ẹ̀kan péré, yóò lọ, yóò bọ̀, yóò lọ, yóò bọ̀, títí agbára tí ẹ fi tì í á fi tán. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró kíá, àfi kí ẹ na ọwọ́ gbà á mú. Ọwọ́ yẹn ni ṣọ́ọ̀kì. Kì í ṣe òun ló gbé ọmọ náà, okùn ló gbé e.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kú lè dúró ganran ní ìta ilé yín, kó má yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó bá dé ojú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ti rẹlẹ̀ jù, tàbí tí igun kan tẹ̀ ju ìkejì lọ, sípíríǹgì ló ti rọ̀ tàbí tó ti ṣẹ́. Ẹ lè ra ṣọ́ọ̀kì tó wọ́n jù lọ lọ́jà, kò ní gbé igun náà sókè.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìbàdí tó ń roni. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò, táyà ń fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀, táyà tí kò bá tẹ ilẹ̀ kò sì lè dá ọkọ̀ dúró, bó ti wù kí bíréèkì dára tó. Ẹ fi ojú inú wò ó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìdànrè, nínú òjò, kí ọlọ́kadà kan já síwájú yín lójijì.

## Kí ló wà nínú ṣọ́ọ̀kì?

Ẹ ti rí abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń gún wa. Bí omi bá kún inú rẹ̀, tí ẹ fẹ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní gbà fún yín, nítorí pé ihò tó máa gbà jáde kéré. Ẹ rọra tì í, á máa lọ. Ẹ fi òróró dípò omi, á tún le sí i. Bí ṣọ́ọ̀kì ṣe rí nìyẹn: ọ̀pá irin oníhò tí ọ́ọ̀lì wà nínú rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọlé tó ń jáde, àti àwọn ihò tíntìntín ní ìdí ọ̀pá náà tí ọ́ọ̀lì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí sípíríǹgì bá fẹ́ fò, ó di dandan kó fa ọ̀pá yẹn gba inú ọ́ọ̀lì kọjá, ọ́ọ̀lì ò sì ní jẹ́ kó yára. Agbára fífò náà á di ooru. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà burúkú dé, ẹ rọra fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ẹ̀yìn: bí ọ̀kan bá gbóná tí ìkejì tutù, èyí tó tutù kò bá wọn ṣiṣẹ́.

Àwọn kan ní gáàsì nínú, naitirojín ni gáàsì náà. Wọ́n fún un mọ́ ọ́ọ̀lì kí ọ́ọ̀lì má baà máa yọ ìfófòó bí omi ọṣẹ nígbà tí ọ̀pá bá ń pò ó láìdúró. Ìfófòó ò lágbára láti dá nǹkan kan dúró.

Níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí a ń lò, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì jẹ́ odindi kan, ọ̀kan wé mọ́ èkejì. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Earle MacPherson, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é títí di òní. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé irú èyí ló tún ń mú ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ dúró lójú ìlà, nítorí náà bí wọ́n bá ti tú u, aláínmẹ́ntì, ìyẹn títún ẹsẹ̀ táyà tò sójú ìlà, di dandan.

## Géèjì mélòó ló yẹ kó wà nínú táyà?

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti pọ̀ jù nìyí, níbẹ̀ náà ni mo sì ti fẹ́ ká pẹ́ díẹ̀.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà kan ní ojú ọ̀nà Ọ̀dà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ mẹ́fà ló wá. Kò béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn, kò wo ara ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan ló ń bi gbogbo wọn: "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń rìnrìn àjò?" Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fi 45 sí i. Ẹni tó bá ní ìgboro lòun ń rìn, ó fi 40 sí i. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀nà wa. Táyà tí ò bá le, kòtò á gé e." Kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn, àwọn oníbàárà náà ló sì ń ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà tí a ń pè ní géèjì yìí, psi ni orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Ó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe ń ti ara rẹ̀ le tó. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti wọn ìwúwo ọkọ̀ náà, wọ́n ti mọ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sí i, wọ́n sì kọ iye afẹ́fẹ́ tó bá gbogbo rẹ̀ mu sórí sítíkà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ní àwọn ọkọ̀ mìíràn, ẹ máa rí i nínú ìdérí ibi tí a ti ń bu epo. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kì í kúrò láàárín 30 sí 35. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè yàtọ̀, ẹ kà á dáadáa. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá lè kọ ọ́ ní kPa pẹ̀lú psi, èyí tó ti Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Jámánì wá lè kọ ọ́ ní bar. Bí ẹ bá rí 220 kPa tàbí 2.2 bar, 32 ni àwọn méjèèjì.

Nọ́ńbà kejì wà lára táyà gan-an, ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì máa ń kọ "MAX" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 44 tàbí 51, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Òpin ibi tí táyà náà lè gbà dé ló ń sọ; kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ kékeré ni ẹ máa dè é mọ́ tàbí ọkọ̀ ńlá. Ó dà bí ìlà òkè ìkòkò: òtítọ́ ni pé ìkòkò lè gba ọbẹ̀ dé ibẹ̀, ìyẹn ò sọ iye ọbẹ̀ tí ilé yín ń jẹ.

Kí ló wá burú nínú kó le díẹ̀ sí i? Ẹ fẹ́ bọ́ọ̀lù kan kó le gan-an, kí ẹ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Á ta padà dé àyà yín. Ẹ jò ó díẹ̀, ẹ tún sọ ọ́. Ilẹ̀ á gbà á. Táyà tó le bí òkúta kì í pa kòtò mọ́ra mọ́, ṣe ló ń gbé gbogbo rẹ̀ fún sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, búṣìn (rọ́bà tó wà láàárín àwọn irin abẹ́ ọkọ̀), àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni àárín rẹ̀ nìkan ló ń tẹ ilẹ̀, nítorí náà àárín á jẹ lọ kí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ. Nínú òjò, ìwọ̀nba ibi tó ń di ojú ọ̀nà mú á kéré sí i.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n wá sáré lọ jò táyà wọn dé 22 kí ọkọ̀ lè rọ̀ bí tìmùtìmù. Ìyẹn léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí kò yó á máa ká, á máa nà, pẹ̀lú gbogbo yíyí rẹ̀, á sì máa gbóná. Ẹ fi eré àti oòrùn ọ̀sán ọ̀nà Iléṣà kún un, ẹ ti mọ bí táyà ṣe ń bẹ́. Ó tún ń jẹ epo. Tirẹ̀ ni pé etí méjèèjì ló máa ń jẹ, àárín á ṣẹ́kù.

Ìgbà tí a ń wọ̀n ọ́n náà ṣe pàtàkì. Ìdájí ló dára jù, kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó sùn sí, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀wọ̀ dé lè fi géèjì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju bó ṣe wà láàárọ̀, ooru ló gbé e sókè. Ẹ má jò ó. Bó bá tutù tán, á kéré. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, bí òwúrọ̀ bá fi ìwọ̀n 10 tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí ìdiwọ̀n Celsius, géèjì tó tó méjì lè sọ̀ láìjẹ́ pé táyà jò rárá. Táyà tó dára pàápàá ń pàdánù nǹkan bí ẹyọ kan lóṣù. Mo máa ń wo tèmi ní ọjọ́ kìíní oṣù, kó má baà jáde lọ́kàn mi.

Bí ẹ bá fẹ́ ru ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin pẹ̀lú àpò iṣu mẹ́ta láti Oǹdó, sítíkà náà sábà máa ń ní ìlà kejì fún ẹrù kíkún. Ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì dá a padà bí ẹ bá ti já ẹrù tán. Táyà àpọ́jù pẹlẹbẹ tó wà nínú búùtù, èyí tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà nìkan, yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù: 60 ni wọ́n sábà ń kọ sára tirẹ̀. Ní ti naitirojín tí àwọn kan ń tà fún fífún sí táyà, kò burú, ṣùgbọ́n bí 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ lásán tí à ń mí jẹ́ naitirojín tẹ́lẹ̀. Kò ní mú ọkọ̀ yín dákẹ́ fífò.

Ẹ ra géèjì tiyín. Èyí tó dà bí bírò kò wọ́n, kò sì gba àyè nínú ọkọ̀. Èyí tó wà lára ẹ̀rọ fọkanáísà ti jábọ́ láìmọye ìgbà, oòrùn ti pa á, òjò ti pa á.

## Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ti kú?

Ẹ ti ṣe afẹ́fẹ́ tán, ó bá ohun tó wà lórí sítíkà mu, ẹ ti fi ọjọ́ méjì wà á. Bí lílù náà bá ti lọ, ẹ ti parí iṣẹ́. Bó bá ṣì ń gbéra tó ń balẹ̀, ẹ wá sídìí ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ lọ sí igun kan, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ibi tó le lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí búùtù, ẹ fi gbogbo ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ yè á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró. Èyí tó bá ń mi orí lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dákẹ́, ṣọ́ọ̀kì igun yẹn ti rẹ̀. Ẹ ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti tẹ̀ rárá, ìyẹn ò sọ pé ṣọ́ọ̀kì dára, sípíríǹgì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè le jù fún ọwọ́ èèyàn ni. Ẹ má gbára lé ìdánwò yìí nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tan iná fóònù yín sí ẹ̀yìn táyà. Ṣọ́ọ̀kì tó dára máa ń ní eruku gbígbẹ lára, pupa bí ilẹ̀ wa, tí ẹ lè fi ìka nù. Èyí tó ti bẹ́ máa ń dúdú, ó máa ń tutù, eruku á ti pò mọ́ ọ́ọ̀lì di ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn láti ọrùn wá sísàlẹ̀. Bó bá kàn rin díẹ̀ lẹ́nu, kò tíì kú, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ti ń ṣàn, ọ́ọ̀lì tó ń dá ọ̀pá dúró ló ń lọ yẹn.

Ẹ̀rí kẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kò nílò irin iṣẹ́ kankan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà, ẹ rọra yí i po. Táyà tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti pẹ́ tó kú máa ń ṣe kọ̀nkọ̀ǹkọ̀: ibì kan jìn, ibì kan yọ, ibì kan jìn, ibì kan yọ, bí ẹni ń fọwọ́ ra ojú ọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Gbogbo ibi tó jìn yẹn ni táyà ti ń balẹ̀ gbì nígbà tó bá fò. Mo rí ọ̀kan lára ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjàpọ̀ tó ti ra táyà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, tó ń sọ pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun. Táyà rẹ̀ ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bíi 80,000 kìlómítà. Ojú ọ̀nà tó dán ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Adó-Èkìtì lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà yẹn.

## Ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí n rà, tuntun àbí tòkúnbọ̀?

Méjì méjì ni: iwájú méjèèjì pa pọ̀, tàbí ẹ̀yìn méjèèjì pa pọ̀. Bí ẹ bá fi tuntun sí apá ọ̀tún kí ẹ fi ogbó sí apá òsì, ẹsẹ̀ méjèèjì ò ní lágbára kan náà, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójú kòtò. Ṣùgbọ́n bí ti ẹ̀yìn bá kú tí ti iwájú ṣì dára, kò sídìí tí ẹ fi máa ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èmi gbà pé tuntun dára ju tòkúnbọ̀ lọ lórí nǹkan yìí, torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí tòkúnbọ̀ ti jìyà dé kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí apá ò bá ká tuntun, ẹ má ra èyí tí ẹ ò dán wò. Ẹ gbé e dúró lórí ilẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀. Ó yẹ kó máa le bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ibì kan tó ṣófo, tí ọ̀pá kàn já wálẹ̀ láìsí ìdíwọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Bó bá jẹ́ onígáàsì, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó yẹ kó rọra gòkè fúnra rẹ̀.

Mo ti bẹ mẹkáníìkì tó tú tèmi pé kó kó àwọn ti àtijọ́ méjèèjì fún mi. Nígbà tí mo rí 46 yẹn, mo gbé wọn jáde nínú búùtù, mo tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n le bákan náà látòkè dé ìsàlẹ̀, ara wọn gbẹ, àwọn méjèèjì sì rọra gòkè padà.

## Kí ni kí n ṣọ́ bí wọ́n bá ń dè é?

Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ síbi ìpàdé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tuntun ti wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú páálí fún ọ̀pọ̀ oṣù, afẹ́fẹ́ á sì ti wọ inú ọ́ọ̀lì wọn. Kí mẹkáníìkì tó dè é, ó yẹ kó gbé e dúró, kó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó sì fà á gòkè bí ìgbà márùn-ún, títí afẹ́fẹ́ yẹn á fi kúrò. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tuntun lè máa dún kọ́-kọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Èkejì: àwọn nọ́ọ̀tì tó ń di búṣìn mú, kí ó má fún wọn gbẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dòdò. Kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ọkọ̀ jókòó bó ṣe máa ń jókòó, kó tó fún wọn pa. Rọ́bà búṣìn tí wọ́n fún nínú afẹ́fẹ́ á wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà, kò sì ní pẹ́ ya.

Ti iwájú tí sípíríǹgì wé mọ́ ni kí ẹ fojú sí jù. Sípíríǹgì tí wọ́n fún pọ̀ ní agbára tó lè pa èèyàn. Irin ìfúnpọ̀ pàtó wà tí wọ́n fi ń dì í mú kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì àárín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi okùn dì í, tí ọmọ iṣẹ́ kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró, kí ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ síbi tí irin rẹ̀ wà. Ojú ọmọ yẹn níye lórí ju owó tí ẹ máa fi kún un lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ti tú u náà ni kí ẹ wo rọ́bà orí rẹ̀. Bó bá ti ya, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé títú rẹ̀ nìyẹn, owó iṣẹ́ kan náà ni.

## Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì dẹ̀. Kí ló kù?

Ẹ wo rímù. Bí sítíkà bá ní táyà oníwọ̀n 195/65R15 ni ọkọ̀ yín ń lò, gíga rọ́bà láti rímù dé ilẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 127. Bí ẹni tó ta á fún yín bá ti fi 205/45R17 sí i kó lè rẹwà, gíga yẹn ti di nǹkan bíi 92. Òṣùká ti tẹ́ẹ́rẹ́, á sì máa lù, kò sí ohun tí ṣọ́ọ̀kì máa ṣe sí i.

Bí ẹnì kan bá ti gbé ọkọ̀ náà sókè pẹ̀lú sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn nítorí kòtò, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe níbí, sípíríǹgì tuntun yẹn lágbára ju ọwọ́ tó ń mú un lọ. Ọkọ̀ á máa fò pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun. Ẹ wá sípíríǹgì tó jẹ́ ti ọkọ̀ náà gan-an padà.

Bó bá sì jẹ́ pé fífò ti tán, lílù ti tán, tí ohun kan ṣì ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹ bá ń rọra rìn lójú ọ̀nà àdúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, ẹ ní kí wọ́n gbé iwájú sókè kí wọ́n fi irin gbọn búṣìn àti lìńkéèjì sítábíláísà (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì jù mọ́ ẹsẹ̀ táyà) wò. Èyí tó bá ń ṣeré lọ́wọ́ wọn ni ẹ máa pààrọ̀.